Láptọ́ọ̀pù tuntun tó ń gbóná láìṣiṣẹ́: ká tú u ni, àbí ká ra cooling pad?

Ọmọ_Ajílòsùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Láptọ́ọ̀pù tuntun kan wà nílẹ̀ ní Adó níbí, CPU rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ Intel i5-1235U, RAM rẹ̀ 8GB, SSD 512GB. Kò sí Windows lórí rẹ̀ nínú páálí, ẹni tó tà á ló fi Windows 11 sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Gbàrà tá a bá ti tàn án, ká tó ṣí ohunkóhun, fáànù á ti máa hó. Core Temp, ètò tó ń ka ooru CPU, ń kà 68°C sí 74°C lórí ìjókòó lásán. Tá a bá wá tan fídíò YouTube, ó ń kọjá 90°C. Òkè kíbọ́ọ̀dù, nítòsí ibi tí ojú rẹ̀ ti so mọ́ ìdí, kò ṣe é gbọ́wọ́ lé. Ẹnì kan ní ká tú u ká fi paste tuntun (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lára CPU) sí i, ẹlòmíì ní ká ra cooling pad (pátákó onífáànù tí wọ́n ń gbé láptọ́ọ̀pù lé). Wàráńtì ọdún kan ṣì wà lórí rẹ̀. Èwo ni ká ṣe?

Onítẹ̀wé_Ìkẹ́rẹ́
Cooling pad ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, kí ni kì í gbóná l'Ékìtì? Omi Ìkògòsì ń gbóná látayébáyé, a ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ tú u.

Ẹ̀ńjìníà_Ọ̀yẹ́
Ẹ̀rín pa mí o. Àmọ́ Ọmọ_Ajílòsùn, ẹ má tíì náwó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan súkúrù rẹ̀. Gbogbo iná tí CPU bá jẹ ló ń di ooru, kò sí ibòmíì tó ń lọ. Tí ẹ ò bá rán láptọ́ọ̀pù níṣẹ́ kankan tó sì ń gbóná báyìí, a jẹ́ pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ ò rán an. Nǹkan yẹn la máa kọ́kọ́ wá. Cooling pad kò lè lé e jáde, paste náà kò lè lé e jáde.

15W ni Intel kọ sílẹ̀ fún i5-1235U gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, ó sì lè fò dé 55W fún ìgbà díẹ̀ tí iṣẹ́ ńlá bá dé. Tó bá jókòó lásán, ìwọ̀nba wáàtì díẹ̀ ló yẹ kó máa jẹ, 2W sí 5W, kí ooru rẹ̀ sì wà láàrin 40°C àti 55°C. 70°C lórí ìjókòó lásán ti pọ̀ jù, kódà nínú oṣù kẹta.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ wa HWiNFO64 jáde láti ojú òpó àwọn tó ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ti ṣí, ẹ mú "Sensors-only". Ìlà mẹ́rin péré lẹ nílò nínú gbogbo ohun tó máa kó jáde: "CPU Package" tó jẹ́ ooru, "CPU Package Power" tó jẹ́ wáàtì, "Total CPU Usage" tó jẹ́ bí iṣẹ́ CPU ṣe pọ̀ tó, àti "Core Thermal Throttling" tó ń sọ bóyá CPU ti ń dín iyára rẹ̀ kù nítorí ooru. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù ka orí tábìlì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tàn án, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ wá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wa. Ooru nìkan, láìsí wáàtì rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ tẹ orí "CPU" kó to àwọn tó ń jẹun jù sókè. Orúkọ tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa darí wa:

"Antimalware Service Executable": Defender, ẹ̀ṣọ́ Windows tó ń lé kòkòrò, ló ń yẹ fáìlì wò. "Windows Modules Installer Worker": update ló ń wọlé. "Microsoft Windows Search Indexer": ó ń ka fáìlì kó lè rọrùn láti wá. OneDrive náà máa ń wà níbẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí, bí láptọ́ọ̀pù tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ayé nìyẹn. Ẹ fi í sórí ṣájà pẹ̀lú dátà òru kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó parí, ariwo á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ "Desktop Window Manager", ètò tó ń ya ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, ló wà lókè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé fáànù ń hó, tẹ́ ẹ ṣí Task Manager, tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì, tẹ́ ẹ tún pa á, tí fáànù tún gbéra, ẹ tètè sọ fún wa. Àwọn ètò olè kan wà tí ń fi kọ̀ǹpútà ẹlòmíì wa owó crypto, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́ fún Task Manager.

Súkúrù_Mẹ́rin
Mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ o, Ẹ̀ńjìníà. Paste tó ń ti ilé iṣẹ́ wá máa ń burú nígbà míì, láptọ́ọ̀pù tuntun tàbí ògbólógbòó. Wọ́n á fi sí i láìkárí, tàbí kí súkúrù kan tú díẹ̀ lójú ọ̀nà látòkè òkun. Kí ló dé tí ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ̀ńjìníà_Ọ̀yẹ́
Òótọ́ lẹ sọ, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà wà láti mọ̀ láìtú u. Ẹ gbé ọwọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde nígbà tí CPU bá wà ní 90°C lókè. Tí afẹ́fẹ́ bá ń jáde dáadáa tó sì tutù tàbí tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, a jẹ́ pé ooru kò kúrò lára CPU dé orí irin tó yẹ kó gbé e. Paste tàbí súkúrù nìyẹn, ẹ̀yin lẹ jàre. Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná gan-an tó ń jáde gbùùrù, irin ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ló pọ̀. Tó bá gbóná ṣùgbọ́n tó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ojú ihò ti dí, tàbí pé aṣọ ló wà nísàlẹ̀. Tí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, ẹ lọ bá fáànù.

Àmì kejì wà nínú HWiNFO. Tí "Thermal Throttling" bá kọ "Yes", tí wáàtì sì ti já sísàlẹ̀ 15W síbẹ̀ tí ooru ṣì wà ní 97 sí 100, irin kò gbé ooru. Tó bá ń jẹ 20W ní 85°C, kò sóhun tó ṣe é.

Súkúrù_Mẹ́rin
Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa afẹ́fẹ́ tutù yẹn, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó kà.

Ọmọ_Ajílòsùn
Ẹ ṣé gan-an. Èsì rèé, lórí tábìlì, láìṣí nǹkan kan:
CPU Package: 71°C
CPU Package Power: 13W
Total CPU Usage: 34%
Core Thermal Throttling: No
"Desktop Window Manager" ló wà lókè nínú Task Manager. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde gbóná, ó sì ń jáde dáadáa. Ohun mìíràn tá a tún ṣàkíyèsí ni pé a ò lè dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ibi tí wọ́n ti ń fà á kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. "Sleep" náà kò sí níbi tá a ti ń pa á, "Shut down" àti "Restart" nìkan la ń rí.

Ìkọ̀lé_Tẹ́ẹ̀kì
Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́! Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ mú "Device Manager", ẹ ṣí "Display adapters". Mo fẹ́ mọ̀ bóyá "Microsoft Basic Display Adapter" lẹ máa rí níbẹ̀.

Ọmọ_Ajílòsùn
Òun gan-an ni! Àmì ìyanu aláwọ̀ yẹ́lò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan bíi mẹ́rin mìíràn nísàlẹ̀.

Ìkọ̀lé_Tẹ́ẹ̀kì
Ó ti yé wa báyìí. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà níbí máa ń wá pẹ̀lú FreeDOS, ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi sípò Windows, tàbí láìsí ètò kankan, nítorí ó dín owó kù. Ẹni tó ń tà á á fi flash kan ṣoṣo tó ní fi Windows sí gbogbo rẹ̀, á sì gbàgbé driver, ìyẹn àwọn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ohun èlò inú láptọ́ọ̀pù. Láìsí driver ẹ̀rọ àwòrán, gbogbo ohun tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà, títí kan fèrèsé tẹ́ ẹ kàn fà síbí sọ́hùn-ún, CPU ló ń fi ọwọ́ yà á. Fídíò YouTube tí ẹ̀rọ àwòrán inú i5-1235U ì bá tú pẹ̀lú wáàtì díẹ̀, CPU ló ń bá a jìjàkadì. Ìdí tó fi ń kọjá 90 nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ṣe é dín kù àti Sleep tó sọnù, ara àìsàn kan náà ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó rèé, ẹ má sì dojú rẹ̀ rú:

1. Ẹ yí láptọ́ọ̀pù padà, ẹ ka serial number ìdí rẹ̀. Ẹ lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é, apá "Support", ẹ tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Kì í ṣe ojú òpó "driver pack" kankan o, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé.

2. Ẹ kọ́kọ́ fi driver chipset sí i, ìyẹn ti bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú "Serial IO" àti "Management Engine" bí wọ́n bá wà. Ẹ tan án padà.

3. Ẹ fi "Intel Dynamic Tuning" sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo èyí dá, òun sì ni ilé iṣẹ́ ń lò láti pín wáàtì fún CPU gẹ́gẹ́ bí irin àti fáànù inú láptọ́ọ̀pù yẹn ṣe lágbára tó. Láìsí i, CPU lè máa fò sókè lọ́nà tí kò bá ara mu.

4. Ẹ wá fi driver àwòrán sí i. Ó wúwo, ó lè sún mọ́ 1GB, nítorí náà dátà òru ni kẹ́ ẹ fi wà á. Ojú á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì pa á.

5. BIOS, ètò tó ń jí láptọ́ọ̀pù kí Windows tó wọlé, ló kẹ́yìn, tí tuntun bá wà. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún dáadáa, ṣájà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ ti fẹ́ tán. BIOS tó dá dúró lágbedeméjì lè sọ láptọ́ọ̀pù di pátákó.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Windows Update, Advanced options, Optional updates, ẹ wo bóyá driver kan ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ "Intel UHD Graphics" lẹ rí dípò "Iris Xe" tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ má pe ẹni tó tà á ní olè. RAM kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi ìkejì sí i, orúkọ á yí padà.

Ìyá_Ìbejì_Ìdó
Ẹ jọ̀ọ́, kí n má ya ọ̀rọ̀ yín nínú. Ti àwọn ọmọ mi kì í gbóná lórí tábìlì rárá. Inú báàgì ni. Wọ́n á dé e kúrò ní kíláàsì ní FUOYE, nígbà tí wọ́n bá máa fi délé, báàgì á gbóná, bátìrì á sì ti lọ. Driver rẹ̀ pé.

Ẹ̀ńjìníà_Ọ̀yẹ́
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Láptọ́ọ̀pù òde òní kì í sùn bíi ti àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá dé e, ojú nìkan ló ń pa, inú rẹ̀ ṣì lè jí láti wá update tàbí gba ìméèlì. Nínú báàgì tí kò sí afẹ́fẹ́, ooru náà kò ríbi gbà. Ẹ ní kí wọ́n ṣí Command Prompt, kí wọ́n kọ powercfg /a. Tí "Standby (S0 Low Power Idle)" bá jáde, òun nìyẹn.

Ojútùú rẹ̀ ni hibernate, tó ń kó iṣẹ́ sínú SSD tó sì ń pa iná pátápátá. Kí wọ́n ṣí Command Prompt bí alábòójútó, kí wọ́n kọ powercfg /hibernate on. Kí wọ́n wá lọ sí Control Panel, Power Options, "Choose what closing the lid does", kí wọ́n mú "Hibernate" fún bátìrì àti ṣájà. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju sleep lọ kó tó jí, àmọ́ báàgì ò ní gbóná mọ́. Tí wọn ò bá fẹ́ hibernate, kí wọ́n yọ ṣájà kí wọ́n tó dé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé e. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó ń jí i, powercfg /sleepstudy á kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan fún wọn.

Ìyá_Ìbejì_Ìdó
Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Màá fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.

Ọmọ_Ajílòsùn
Ẹ̀yin ọ̀gá, a ti fi driver sí i bẹ́ ẹ ṣe tò ó. Lórí ìjókòó lásán: 47°C, 3W, CPU 2%. Fáànù ti dákẹ́. YouTube ní 1080p wà ní 58°C. Ìmọ́lẹ̀ ti ń dín kù, Sleep ti padà. Ohun kan ló kù: a fi Cinebench R23, ètò tó ń fún CPU níṣẹ́ ńlá, dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lọ sí 96°C lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá rọ̀ sí 84°C, ó dúró síbẹ̀, 20W. Ṣé 96 yẹn kò burú?

Onítẹ̀wé_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ kú oríire o! Fún 96 yẹn, ẹ lọ sí Power Options, "Processor power management", ẹ sọ "Maximum processor state" di 99%. Turbo, ìyẹn fífò tí CPU ń fò sókè ju iyára ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ, ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ooru á sì lọ pátápátá.

Ẹ̀ńjìníà_Ọ̀yẹ́
Ẹ má ṣe 99% fún i5-1235U o! Òótọ́ ni pé ó ń pa turbo, òun gan-an sì ni wàhálà ibẹ̀. 1.3GHz péré ni ìpìlẹ̀ iyára àwọn core (apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) ńláńlá inú rẹ̀, ti àwọn kéékèèké jẹ́ 0.9GHz. Tẹ́ ẹ bá pa turbo, láptọ́ọ̀pù tuntun á máa rìn bíi ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọgbọ́n 99% yẹn dára fún àwọn CPU àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ wọn jẹ́ 2.4GHz lókè.

Ká padà sí 96. Kò burú. 100°C ni òpin tí Intel kọ fún CPU yìí, ó sì máa ń dín ara rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó tó kọjá rẹ̀. Ti AMD wà láàrin 95°C àti 105°C gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ni pé CPU fò sókè fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀ sí ìwọ̀n tí irin lè gbé. 84°C ní 20W, nínú yàrá Adó, dára. Èyí tún ṣe pàtàkì: àwọn tó ń yẹ láptọ́ọ̀pù wò lórí YouTube, inú yàrá 21°C sí 23°C ni wọ́n wà. Tí yàrá tiyín bá jẹ́ 33°C, ẹ fi bíi mẹ́wàá kún iye tí wọ́n kà kẹ́ ẹ tó fi wé tiyín. Bí ooru yàrá bá ṣe gòkè tó ni ti CPU náà á gòkè tó.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ kó tutù jù báyẹn lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Settings, System, Power & battery, ẹ mú "Best power efficiency". Fún ìwé kíkọ àti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ fi òpin sí iyára dípò kẹ́ ẹ pa turbo. Nínú Command Prompt alábòójútó:

powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor PROCFREQMAX 2400
powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor PROCFREQMAX1 3000
powercfg /setactive scheme_current

MHz ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Ti àkọ́kọ́ wà fún àwọn core kéékèèké, ti ìkejì fún àwọn ńláńlá. Fún ìgbà tẹ́ ẹ bá wà lórí bátìrì, ẹ fi setdcvalueindex rọ́pò setacvalueindex. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ fi 0 sípò méjèèjì.

Ìkọ̀lé_Tẹ́ẹ̀kì
Ẹ tún wo ètò ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Lenovo, Fn+Q ló ń yí ìṣesí fáànù padà. Lórí Asus, Fn+F ni. Dell ní "Cool" àti "Quiet" nínú ètò tirẹ̀. Lórí HP, "Fan Always On" wà nínú BIOS, F10 lẹ máa tẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Tẹ́ ẹ bá pa á, fáànù á máa sinmi nígbà tí kò síṣẹ́.

Onítẹ̀wé_Ìkẹ́rẹ́
Mo gbà, mo gbà. Ṣé cooling pad wá jẹ́ ìfowóṣòfò ni?

Ẹ̀ńjìníà_Ọ̀yẹ́
Kì í ṣe ìfowóṣòfò fún ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí tó ń gbá géèmù fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe náà ni pé ó gbé ìdí láptọ́ọ̀pù kúrò lórí tábìlì. Ẹ mú ìdérí ike ìgò omi mẹ́rin, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, kẹ́ ẹ fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì. Ó ti gbéra tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta nìyẹn, fáànù á rí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ má fi ìdérí dí ojú ihò fúnra rẹ̀ ṣá. Àwọn láptọ́ọ̀pù kéékèèké tí wọ́n lo Celeron N4020, púpọ̀ wọn kò ní fáànù rárá, ara wọn ni wọ́n fi ń tutù. Ká gbé wọn sókè kúrò lórí aṣọ ti tó fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé láptọ́ọ̀pù sínú fíríìjì, kò sì gbọ́dọ̀ fi aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀. Omi á lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀dù nínú.

Súkúrù_Mẹ́rin
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i fún àwọn tí wàráńtì wọn ti tán, tàbí tí afẹ́fẹ́ tutù ń jáde níbi tí CPU wà ní 97, tí ẹni tó tà á sì gbà kí wọ́n tú u. Ẹ pa á pátápátá, kì í ṣe sleep. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí ìdí rẹ̀, okùn bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ yọ lára bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí iná tó kù lè tán. Nọ́ńbà wà lára irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ súkúrù kọ̀ọ̀kan: láti orí èyí tó tóbi jù lẹ ti máa tú u bọ̀, díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, láti orí 1 lọ. Ẹni tó bá tú ẹ̀gbẹ́ kan tán pátápátá kó tó kan èkejì lè fọ́ ojú CPU, nítorí CPU láptọ́ọ̀pù kò ní ìdérí irin bíi ti desktop.

Isopropyl alcohol 99% ni kẹ́ ẹ fi nu ojú rẹ̀, kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í ṣe bẹntiróòlù. Ẹ na paste tín-ínrín kárí gbogbo ojú CPU, kí ibì kankan má ṣófo. Ẹ má lo liquid metal, irin olómi tí àwọn kan ń fi rọ́pò paste: gallium ló wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ aluminium, tó bá sì dà sórí bọ́ọ̀dù, ìsìnkú ni. Tí thermal pad (rọ́bà rírọ̀ tó ń gbé ooru) bá wà lórí àwọn ohun mìíràn, ẹ má yọ wọ́n. Tí èyí tẹ́ ẹ fi rọ́pò wọn bá nípọn jù, á gbé irin kúrò lórí CPU, ooru á sì wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fún eruku ọyẹ́: ẹ fi tútùpíìkì di fáànù mú kẹ́ ẹ tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Fáànù tó bá ń yí kíkankíkan nítorí afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ń fẹ́, bearing rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọ inú rẹ̀.

Ìkọ̀lé_Tẹ́ẹ̀kì
Ọmọ_Ajílòsùn, ohun kan ṣì wà tí mi ò lè gbójú fò. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹni tó tà á ti ṣí páálí rẹ̀, ẹ rí i dájú pé tuntun ni. Ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ ṣí fáìlì tó bá kọ. "Full charge capacity" yẹ kó sún mọ́ "Design capacity" gan-an, "Cycle count" sì yẹ kó kéré. Ẹ fi CrystalDiskInfo wo SSD, "Power On Hours" rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí. Ẹ wo ọjọ́ tí wàráńtì bẹ̀rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti tẹ serial number sí. Tòkúnbọ̀ tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n fi nylon wé wà lọ́jà, paste inú rẹ̀ á sì ti gbẹ.

Windows tó fi sí i náà, ẹ wo Settings, System, Activation. Tó bá jẹ́ pé KMS ayédèrú, ètò tó ń tan Windows kó gbà pé wọ́n ti sanwó, ni wọ́n fi ṣí i, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kẹ́ ẹ fi Media Creation Tool ti Microsoft ṣe flash 8GB, kẹ́ ẹ fi ojúlówó sí i. Inú KMS ayédèrú bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè crypto tí Ẹ̀ńjìníà sọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń sá pamọ́ sí.

Ọmọ_Ajílòsùn
A ti wò ó. Bátìrì sún mọ́ ẹ̀kún, SSD wákàtí 41, wàráńtì bẹ̀rẹ̀ lóṣù tá a rà á. Àmọ́ Activation kọ "not activated". Ìbéèrè tó kù: ṣé ká máa fi ṣájà sára rẹ̀ nígbà gbogbo? Iná ìjọba ń lọ ń bọ̀ ládùúgbò wa, ṣájà pàápàá sì ń gbóná.

Ẹ̀ńjìníà_Ọ̀yẹ́
"Not activated" sàn ju KMS lọ. Ó kéré tán, kò sí KMS ayédèrú tí wọ́n lè fi kó nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Ẹ ra key, nọ́ńbà àṣẹ Windows, nígbà tí agbára bá dé, kò kan ooru.

Ṣájà 65W máa ń sọ bíi 6W sí 8W di ooru tó bá ń fún láptọ́ọ̀pù ní gbogbo agbára rẹ̀. Kó gbóná lọ́wọ́ kì í ṣe àrùn, àyàfi tó bá ń rùn tàbí tí ike rẹ̀ ń rọ̀. Ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó lè gba 100V sí 240V, nítorí náà iná tó wálẹ̀ kò ní pa á, ó kàn máa fa ju bó ṣe yẹ lọ, á sì túbọ̀ gbóná. Èyí tó ń pa á ni iná tó bá dé pẹ̀lú agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ ọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ, kẹ́ ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó bá padà kẹ́ ẹ tó fi í sí i.

Bátìrì kò fẹ́ ooru àti ẹ̀kún pọ̀. Ẹ fi òpin gbígba iná sí 80% nínú ètò ilé iṣẹ́ tàbí nínú BIOS. Ẹ má gba iná sí i nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ọkọ̀ tí oòrùn ti pa, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Bátìrì lithium kì í fẹ́ gba iná tó bá ti kọjá 45°C. Tí ibi tẹ́ ẹ ti ń fìka fa máòsì bá ń wú sókè tàbí tí ìdí rẹ̀ kò jókòó dáadáa mọ́ lórí tábìlì, ẹ pa á, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ gbé e padà fún wọn.

Tí fáànù bá sì kọ̀ láti yí lọ́jọ́ kan, tí HP bá kọ 90B sójú tàbí tí Lenovo bá kọ "Fan error" nígbà tó ń tàn, ẹ má fọwọ́ kàn án, wàráńtì ni. Ẹ fi HWiNFO ṣe àkọsílẹ̀, bọ́tìnnì tó ní àmì + wà nísàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú fáìlì CSV. Ẹ jẹ́ kó kọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìjókòó lásán àti mẹ́wàá pẹ̀lú Cinebench, ẹ kó fáìlì náà àti rísíìtì dání lọ. Ẹni tó ń tà á lè ní "ẹ̀ẹ̀rùn ni". Tó bá rí 10W ní 99°C lójú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn á tán lẹ́nu rẹ̀.

Onítẹ̀wé_Ìkẹ́rẹ́
Èmi náà ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ yẹn.